Ọkùnrin Tó Rò Pé Ẹ̀yìn Ni Iṣẹ́ Wà

Ọkùnrin kan wà tó ń fi áàpù ṣíṣe jẹun. Ó ṣe ọ̀kan fún àwọn agbẹ̀bí ìlú rẹ̀, kí aboyún tó bá ń rọbí lè tẹ bọ́tìnì kan lórí fóònù, kí agbẹ̀bí sì mọ̀ lójú ẹsẹ̀. Inú rẹ̀ dùn sí iṣẹ́ náà gan-an.

Ó ṣẹlẹ̀ pé obìnrin kan ń rọbí, ó tẹ bọ́tìnì, fóònù dákẹ́ gbáà. Ó tẹ̀ ẹ́ títí, kò dáhùn. Ọpẹ́lọpẹ́ aládùúgbò tó fi ọ̀kadà gbé e lọ sọ́dọ̀ agbẹ̀bí. Olórí agbẹ̀bí ránṣẹ́ pe ọkùnrin náà, ó ní, "Ọmọ mi, o ṣeun. Ṣùgbọ́n tó bá tún dákẹ́ mọ́ aboyún kan lọ́wọ́, wá kó áàpù rẹ lọ. Mi ò lè fi ẹ̀mí èèyàn dán nǹkan wò."

Ọ̀rọ̀ náà dàrú mọ́ ọn lójú. Nínú fóònù, bí ẹni pé òṣìṣẹ́ kan ṣoṣo ló wà níwájú: òun ló ń ya ohun tí à ń rí, òun ló ń gbọ́ ìka wa. Ẹ̀yìn là ń gbé iṣẹ́ wúwo sí, kí ti iwájú lè ráyè dáni lóhùn. Ọkùnrin yìí mọ èyí dáadáa. Àwòrán àyẹ̀wò àwọn aboyún tí áàpù náà tún ń fi han agbẹ̀bí ló wúwo jù, ó sì ti pa á láṣẹ pé ẹ̀yìn ni kí wọ́n ti ṣe é. Ó ka àṣẹ náà, ó tún un kà, ibẹ̀ ló wà. Ó dá nẹ́tíwọ̀kì lẹ́bi, ó dá fóònù olówó pọ́ọ́kú lẹ́bi. Ó kù díẹ̀ kó dá ìka àwọn aboyún lẹ́bi.

Nígbà tó sú u, ó ki ìbéèrè kan bọ àárín iṣẹ́ náà: ṣé iwájú lo wà ni àbí ẹ̀yìn? Ó ní kó kọ ìdáhùn sójú fóònù. Ìdáhùn dé: iwájú. Ó rò pé irọ́ ni. Ó tún bi í, iwájú náà ni.

Àṣé ẹ̀yìn ni wọ́n ti ń lọ kó àwòrán wá lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá kó o dé, iwájú ni wọ́n ti ń tú u kó tó lè hàn lójú fóònù. Òṣìṣẹ́ iwájú á pa gbogbo èèyàn tì títí yóò fi tú u tán. Ojú ti ọkùnrin náà. Ó gbé títú náà sẹ́yìn, ó sì tún bi í léèrè kó tó gbà á gbọ́. Obìnrin tó tẹ bọ́tìnì lẹ́yìn náà, agbẹ̀bí bá a nílé.

Ọ̀rẹ́ mi, ìwọ ni mo pa àkàwé yìí fún. O ní o ti gbé ọ̀rọ̀ tí àbúrò rẹ sọ níbi ìsìnkú ìyá yín sẹ́yìn, mo sì gbà pé tọkàntọkàn lo fi sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n mo jókòó tì ọ́ láàárọ̀ yìí nígbà tí ọmọ rẹ kúnlẹ̀ tó ní, "Ẹ káàárọ̀, mà." O ò gbọ́. Ó tún un sọ, o ò gbọ́. Lọ bi ọ̀rọ̀ náà léèrè ibi tó wà, kí ọmọ náà tó jáwọ́ nínú kíkí ọ.