Òpó Tí Àgbìgbò Kọ̀

"Àlọ́ o!"

"Àlọ̀! Máa sọ ọ́, a ti jókòó."

Àlọ́ mi gbéra, ó fò fẹ̀rẹ̀, ó bà lé Àkókó, ó bà lé Àgbìgbò olórí ńlá, ó bà lé afárá igi tí àwọn ẹranko ń gbà kọjá odò.

Afárá náà kì í ṣe ti ẹnì kan. Gbogbo wọn ló para pọ̀ kọ́ ọ. Ẹnikẹ́ni ló lè gbà á, ẹnikẹ́ni ló sì lè tún un ṣe. Ṣùgbọ́n Àgbìgbò ni wọ́n fi ṣọ́ ọ. Bí Àgbìgbò kò bá tíì sọ pé "Ó dáa," igi tuntun kò gbọdọ̀ wọ̀ ọ́.

Lọ́jọ́ kan, Àkókó bà lé òpó àárín. Ó fi ẹnu kàn án. Òpó dún bò-bò-bò. Ikán ti jẹ inú rẹ̀ tán!

Àkókó wọ igbó. Ó gé ìrókò, ó gbẹ́ òpó tuntun. Ó gbé e lọ sí ẹnu ihò igi tí Àgbìgbò ń gbé.

"Ko-ko-ko! Bàbá, ẹ kú ilé o. Ikán ti jẹ òpó afárá. Mo ti gbẹ́ òmíràn wá."

Àgbìgbò yọ orí. "Èyí tó rí gbágungbàgun yìí? Lọ fá a."

Àkókó fá a. Ó dán bọ̀rọ́. Ó padà dé.

"Ko-ko-ko! Bàbá, mo ti fá a."

"Ta ló mọ̀ ọ́ mọ iṣẹ́ afárá? Lọ mú ẹlẹ́rìí wá."

Àkókó tún lọ. Ó mú Ẹtu wá, abiyamọ tí ọmọ rẹ̀ ń gba afárá lójoojúmọ́.

"Ko-ko-ko! Bàbá, ẹlẹ́rìí mi rèé."

"Bàbá, òótọ́ ni o," ni Ẹtu wí. "Mo fetí ara mi gbọ́ bí òpó náà ṣe ń dún bò-bò-bò. Ẹ jọ̀ọ́, ọmọ mi ń gbabẹ̀."

Ẹ̀yin ará, ẹ gbọ́ ohun tí Àgbìgbò ṣe! Ó bu ẹrẹ̀, ó fi ń rẹ́ ẹnu ọ̀nà rẹ̀. "Ẹ ti yọ mí lẹ́nu jù. Ọwọ́ mi dí." Ó dí i pa, ó ku ihò tín-ín-rín.

Ilẹ̀ mọ́, afárá wó. Ọmọ Ẹtu wà lórí rẹ̀. Ẹtu bẹ́ sódò, ó fẹnu fa ọmọ rẹ̀ yọ, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ọmọ ti kán.

Gbogbo ẹranko rọ́ lọ sábẹ́ igi Àgbìgbò. Ohùn rẹ̀ gba inú ihò jáde:

"Kí ló dé tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi?"

Há! Ìbínú gun orí Àkókó, orí náà pọ́n kuku.

"Ẹnikẹ́ni kò sọ fún ọ? Ìwọ Àgbìgbò! Mo kànlẹ̀kùn, o ní kí n fá igi. Mo kànlẹ̀kùn, o ní kí n mú ẹlẹ́rìí. Ẹlẹ́rìí dé, o rẹ́ ẹrẹ̀ mọ́ wa lójú! Jáde, wá wo ẹsẹ̀ ọmọ yìí!"

Àgbìgbò kọ̀, kò jáde.

"Ẹ fi í sílẹ̀," ni àwọn ẹranko wí. Wọ́n gbé òpó Àkókó, wọ́n rì í mọ́lẹ̀, wọn kò dúró de "Ó dáa" ẹnikẹ́ni. Wọ́n to igi lé e, afárá sì dúró digbí.

Ojú ti Àgbìgbò. Ó fọ́ ẹrẹ̀ rẹ̀ lóru, ó yọ́ lọ sínú ihò igi mìíràn, ó tún fi ẹrẹ̀ dí i. Ṣùgbọ́n Àkókó kò gbà. Ó ń ti igi dé igi, ó ń kànlẹ̀kùn: "Ko-ko-ko! Jáde, wá sọ fún Ẹtu pé mo sọ fún ọ!"

Ìdí nìyẹn tí orí Àkókó fi pọ́n, tó sì ń kan igi kiri. Ìdí nìyẹn tí Àgbìgbò fi ń fi ẹrẹ̀ dí ẹnu ihò rẹ̀. Ẹni tó bá ní irọ́ ni mo pa, kó wọ igbó lọ, kó tẹ́tí.

Títí di bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí, Àgbìgbò kò tíì jáde.