Àáró tí Ẹ̀fọn Oko San fún Aràn

Mosún oníyọ̀ ló kọ́kọ́ sọ ọ́ fún mi. Bí irọ́ bá wà níbẹ̀, òun ni kí ẹ bi.

Láyé ìgbà tí gbogbo ẹ̀fọn ń jókòó bí ọmọlúàbí, tí ìdí wọn ń kan ilẹ̀, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò mẹ́ta kan wà: Ẹ̀fọn Abílà, Ẹ̀fọn Kòtò àti Ẹ̀fọn Oko, àbíkẹ́yìn wọn. Inú omi kan náà ni wọ́n yé ẹyin sí. Oòrùn wá mú, omi fẹ́ gbẹ. Wọ́n ní àwọn yóò pa àtíbàbà lé e lórí, wọn ò rí okùn.

Ni Bàbá Aràn bá ń kọjá lọ, gígùn gbọọrọ, tín-ín-rín bí òwú.

Ó ní, "Ẹ fi mí dì í. Àáró ni o. Mo ṣe tiyín, ẹ ó ṣe tèmi."

Wọ́n dúpẹ́, wọ́n dì í mọ́ òpó. Kò sẹ́ni tó béèrè irú iṣẹ́ tó fẹ́ gbà padà. Òmùgọ̀ ni wọ́n.

Bí wọ́n ti dì í tán ló ní, "Àwọn ọmọ mi ti kún ara Lágbàyí àgbẹ̀. Ẹ kó díẹ̀ lọ sára Fádayíró, aládùúgbò rẹ̀. Bí ẹ ò bá ṣe é, màá tú ara mi, àtíbàbà á wó lu ẹyin yín."

"Hàáà! Bàbá Aràn, ẹ jọ̀ọ́!"

Abílà lọ lọ́sàn-án. Àwọn ọmọ aràn ti sá wọnú ara Lágbàyí lọ sùn, kò rí ẹyọ kan.

Kòtò ní, "Padà lọ lóru."

"Èmi? Lóru? Ọmọ ilé rere kì í rìn lóru."

Ni Kòtò fúnra rẹ̀ bá lọ. Ó kó wọn sẹ́nu, àmọ́ ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́. Bó ti ń kọrin "yùn-ún-ùn" ni wọ́n ń já bọ́. Nígbà tó fi dé ọ̀dọ̀ Fádayíró, orin nìkan ló kù lẹ́nu rẹ̀.

Aràn bínú, ó tú ìdè kan. Òpó yẹ̀.

"Ẹyin wa o!"

Ẹ̀fọn Oko, tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, gbéra. Ó fa ẹ̀jẹ̀ Lágbàyí, ó fa àwọn ọmọ aràn mọ́ ọn. Gbogbo wọn rọ́ lọ sórí rẹ̀. Orí wúwo, ó tẹ̀ wálẹ̀, ìdí ṣí sókè.

Abílà bú sẹ́rìn-ín. "Àbúrò, ìdí rẹ ń wo ọ̀run!"

"Ìdí tèmi lẹ rí, ẹ ò rí ẹyin yín."

Bẹ́ẹ̀ ló kó wọn wọ ara Fádayíró níbi tó ti ń hanrun. Aràn ní, "Àáró ti pé." Kò tú ara rẹ̀ títí ẹyin fi pa.

Láti ọjọ́ tí wọ́n ti san àáró yẹn ni ọrùn Ẹ̀fọn Oko kò ti nà mọ́. Bó bá bà lé èèyàn, á dorí kodò, á gbé ìdí sókè. Ẹsẹ̀ Fádayíró sì wú, ó tó odó, bẹ́ẹ̀ òun ò bá ẹnikẹ́ni dá àáró.