Òrùlé Aṣọ Ọkọ̀ Oníjókòó Méjì

Ọkùnrin kan wà ní ìlú kan tí òkè pọ̀ sí. Ó fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́, ó sì ra ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ àtijọ́ kan tó dàgbà ju àkọ́bí rẹ̀ lọ. Ìjókòó méjì péré ni ọkọ̀ náà ní, kò sí ti ẹ̀yìn rárá. Aṣọ líle ni òrùlé rẹ̀. Bí ojú ọjọ́ bá dára, a ká a sẹ́yìn bí ẹni ká ẹní. Bí òjò bá ṣú, a fà á bo orí. Má rẹ́rìn-ín. Mo mọ̀ pé kì í ṣe ìtàn ọkọ̀ ni o wá gbọ́. O ní kí n bá ọ wá ẹni tí yóò máa tọ ìyàwó rẹ lẹ́yìn ní gbogbo Ọjọ́bọ̀ tó bá jáde, o sì fi kún un pé ìfura loògùn àgbà. Mo ti gbọ́. Jókòó, kí o gbọ́ tèmi náà.

Ọkọ̀ yìí dùn mọ́ ọkùnrin náà ju oúnjẹ lọ. Ó ń jo ọ́ìlì, a sì máa húkọ́ bí arúgbó láàárọ̀ ọyẹ́, kò kà á sí. Ìrọ̀lẹ́ ni ó ń retí, nígbà tí oòrùn bá ti rọlẹ̀, tí yóò ká òrùlé sẹ́yìn, tí yóò sì gba ọ̀nà òkè lọ. Nínú ọkọ̀ mìíràn, ojú ọ̀nà nìkan ni èèyàn ń rí. Nínú eléyìí, ó ń rí orí igi àti ojú ọ̀run, ó ń gbóòórùn iṣu tí wọ́n ń sun lẹ́bàá ọ̀nà, bí ẹnìkan bá sì kí i, ó ń gbọ́ ìkíni náà délẹ̀, ó ń dáhùn láìdúró. Ìyàwó rẹ̀ a jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, a fi ìborùn di gèlè rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí afẹ́fẹ́ má baà gbé e lọ, a máa rẹ́rìn-ín bí ọmọge. Àwọn ọmọ wọn ti lọ sílé ọkọ, àwọn méjèèjì ló kù nílé. Ìjókòó méjì tó wọn. Inú wọn dùn, èmi ò ní purọ́ fún ọ.

Ṣùgbọ́n ìlú kò fẹ́ràn ohun tí kò bá yé e. Bí ọkùnrin bá ra ọkọ̀ ńlá, wọn a ní ẹbí ló fẹ́ máa fi kó. Bó bá ra akẹ́rù, wọn a ní òwò ló fẹ́ ṣe. Àgbàlagbà tó wá ra ọkọ̀ tí kò ní àyè fún ọmọ-ọmọ, tí kò lè gbé àpò gaàrí kan ṣoṣo, kí ló fẹ́ fi ṣe? Wọ́n ní obìnrin ni. Wọ́n sọ ọ́ nílé onígbàjámọ̀, wọ́n sọ ọ́ lẹ́yìn ìsìn. Ọ̀rẹ́ ìyàwó rẹ̀ kan, obìnrin tó ń ta aṣọ òfì, wá fi tó o létí wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ pé ìjókòó kejì kì í ṣófo pẹ́. Ìyàwó rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà. Nígbà tó délé, ó lọ yẹ ìjókòó rẹ̀ wò.

Kò pẹ́ lẹ́yìn èyí ni ọkọ bẹ̀rẹ̀ sí í dá jáde lọ́sàn-án. Bó bá ń lọ, a ní ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì ni. Bó bá dé, ọwọ́ rẹ̀ a mọ́ tónítóní. Ta ló ń ti ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì bọ̀ tí ọwọ́ rẹ̀ ń mọ́? Ìyàwó fi èyí sínú. Lẹ́yìn náà ni ọ̀rẹ́ tún dé. Ó ní òun rí ọkọ̀ náà lójú ọ̀nà tó lọ sí ìlú kejì, nínú oòrùn gangan, wọ́n sì fa òrùlé rẹ̀ bò ó. Ó ní òun rí gèlè lábẹ́ rẹ̀. Ìyàwó bi í pé gèlè wo. Ọ̀rẹ́ ní òun ò rí i dáadáa, obìnrin náà tẹrí ba bí ẹni tó ń sá fún ojú ayé. Àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Ìyàwó mọ òwe yìí dáadáa, òun náà ti fi bá ẹlòmíràn wí rí.

Ṣùgbọ́n wò ó bó ṣe rí lójú rẹ̀. Bí ọkọ bá gbé òun, òrùlé a wà ní ṣíṣí kí gbogbo ayé rí wọn. Bó bá gbé ẹlòmíràn, ó ń pa á dé nínú oòrùn tó lè sun àgbàdo. Kí ni ìwọ ì bá sọ? Ohun tí òun náà sọ nìyẹn.

Ó wá di pé bí ọkọ bá ti sùn lọ́sàn-án, ìyàwó a lọ máa tú ọkọ̀. Ó gbóòórùn ìjókòó. Ó ki ọwọ́ bọ abẹ́ rẹ̀, ó sì rí èèpo orógbó. Rò ó wò ná. Ọmọge wo ló ń jẹ orógbó nínú ọkọ̀ ọkọ ọlọ́kọ? Arúgbó tí ikọ́ ń bá jà ló ń jẹ ẹ́, ìyá tó bí ìyàwó yìí gan-an kì í yọ ọ́ kúrò lẹ́nu. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti dájọ́ tán kì í rí ohun tó wà níwájú rẹ̀. Ó ní oògùn ni. Ó ní obìnrin náà ti fi nǹkan sábẹ́ ìjókòó òun kí òun má baà lè jókòó níbẹ̀ mọ́. Ó fi igi gbé e jáde, ó da iyọ̀ lé e, ó sì sun ún lẹ́yìn ilé. Láti ọjọ́ náà, kò wọ ọkọ̀ yẹn mọ́. Ọkọ bi í pé kí ló dé, ó ní ẹ̀yìn ló ń dun òun. Òun kò sì bi ọkọ ní ohunkóhun.

Jẹ́ kí n sọ ohun tí kò mọ̀ fún ọ. Ìyá rẹ̀ ló wà nínú ọkọ̀. Àwọ̀ funfun ti bo ojú ìyá náà méjèèjì, ó kù díẹ̀ kó má mọ ọ̀nà ilé ìdáná mọ́. Àwọn dókítà ojú ní ìlú kejì ní àwọn lè ṣe é, kí àwọn kọ́kọ́ mú ojú kan. Ṣùgbọ́n orí bẹ́ẹ̀dì iṣẹ́ abẹ ni bàbá ìyàwó yìí kú sí, ìyàwó sì ti búra níbi òkú pé ọ̀bẹ dókítà kò ní kan ẹnikẹ́ni tó jẹ́ ti òun mọ́ láyé. Bó bá gbọ́, yóò dínà. Nítorí náà ni ìyá ṣe ránṣẹ́ pe ọkọ ọmọ rẹ̀. Ó ní, "Ẹ gbé mi lọ. Ẹ má sọ fún ọmọ mi, àfi ìgbà tí mo bá ti lè rí ojú rẹ̀." Ta ni yóò gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yìí lẹ́nu àna rẹ̀ tí yóò kọ̀? Ọkùnrin náà dọ̀bálẹ̀, ó gbà.

Ohun kan tún wà níbẹ̀. Ìyá náà kò jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ ọmọ rẹ̀ rí. Nínú ọkọ̀ mìíràn, ẹ̀yìn ni ì bá wà, bó ṣe yẹ àna. Nínú eléyìí, kò sí ẹ̀yìn. Ojú tì í, ó bẹ̀bẹ̀ pé kó bá òun fa òrùlé bò ó, kí aráyé má baà máa wo òun níwájú ọkọ̀ bí ìyàwó tuntun. Ọ̀wọ̀ ló pa òrùlé náà dé.

Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ náà, ó yọrí sí rere, wọ́n sì dá ìyá dúró di ọjọ́ kejì. Ọkọ dá padà wálé. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó ń kọrin nínú balùwẹ̀. Orin yẹn ló bí ìyàwó nínú jù lọ. Ó mú abẹ, ó lọ sídìí ọkọ̀. Ó tú òrùlé aṣọ tí wọ́n ká sẹ́yìn, ó là á láàárín gbọọrọ, ó sì ká a padà bó ṣe wà. Ẹni tí kò bá fà á sókè kò lè mọ̀. Ó ní kí ẹni tó fara pamọ́ fara hàn, kí ìlú bá òun rí i.

Ní ọjọ́ kejì, dókítà fi báńdéèjì di ojú ìyá, ó kìlọ̀ pé omi kò gbọdọ̀ kàn án. Ọkọ fẹ́ fa òrùlé, ìyá ní kó fi sílẹ̀. Ó ní ojú kò ti òun mọ́, kí òun gba afẹ́fẹ́ lónìí. Wọ́n rọra ń lọ, ìyá gbé ọwọ́ sókè kí afẹ́fẹ́ gba àárín ìka rẹ̀ kọjá, ó sì sọ fún un pé òun ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ ìdí tó fi fẹ́ràn ọkọ̀ yìí tó bẹ́ẹ̀. Wọ́n wà láàárín igbó nígbà tí òjò dé. Ọkọ fa òrùlé sókè kíákíá, ó sì ya sí méjì lọ́wọ́ rẹ̀. Kò sí ilé nítòsí, kò sí ibi tí wọ́n lè yà sí. Ẹni eji rí leji ń pa. Ó bọ́ bùbá rẹ̀, ó fi bo orí ìyá, ó sì ń wakọ̀ bọ̀ wá sílé ara rẹ̀ nínú síńgílẹ́ẹ̀tì, nítorí ilé ìyá ṣì jìnnà.

Ọ̀rẹ́ rí wọn nígbà tí wọ́n wọ ìlú. Ó pe ìyàwó lórí fóònù pé ọkọ rẹ̀ ń bọ̀ ní ìhòòhò ara, pé orí obìnrin náà wà nínú aṣọ rẹ̀. Kí wọ́n tó dé ẹnu géètì, ìyàwó ti wà níbẹ̀ nínú òjò. Kò kí ọkọ, kò bi í ní nǹkan. Ó di bùbá náà mú, ó sì fi gbogbo agbára fà á. Báńdéèjì tó ti rin gbindin bá bùbá náà wá.

Ìyá gbé ojú sókè sínú òjò. Ó ní, "Ta nìyẹn? Ṣé ọmọ mi ni?"

Ojú náà kò là mọ́. Ó wú, ó ṣe ọyún, àwọn dókítà sa gbogbo agbára wọn. Ìyá kò jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kan ìkejì. Ohùn ni ó fi ń dá ọmọ rẹ̀ mọ̀ títí ó fi kú. Kò béèrè rí pé kí ló ya òrùlé. Ṣùgbọ́n ọkọ fi ìka tọ ojú ibi tó ya láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó sì pe ìyàwó rẹ̀. Ó ní, "Ìyá Ìbíwùmí, aṣọ tó gbó kì í ya tààrà báyìí." Obìnrin náà kúnlẹ̀, ó sọ gbogbo rẹ̀. Ọkọ gbọ́ ọ, ó sì wọlé. Kò wa ọkọ̀ náà mọ́. Ó wà nínú ọgbà wọn, adìyẹ ló ń yé ẹyin sínú rẹ̀.

Mo rí i lójú rẹ pé o fẹ́ sọ pé ọkọ náà ní ẹ̀bi tirẹ̀. Ó ní. Ó yẹ kó ti wá ọ̀nà sọ ọ́. Ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ló wá bá mi láàárọ̀ yìí, ìwọ ni. Ìfura loògùn àgbà lóòótọ́, àmọ́ àgbà tó ní oògùn lọ́wọ́ a kọ́kọ́ béèrè ibi tó ń dun èèyàn kó tó bù ú fún un. Àwọn tó pa òwe yẹn náà ló sọ pé abèèrè kì í ṣìnà, o kò mú ìyẹn wá. O mọ ọjọ́ tí ìyàwó rẹ ń jáde. O mọ aṣọ tó ń wọ̀, o mọ ìgbà tó ń wọlé. Ohun kan ṣoṣo tí o kò mọ̀ ni èyí tí o kò bi í.

N kò ní bá ọ wá ẹnikẹ́ni. Bóyá ibi ni ìyàwó rẹ ń ṣe, bóyá oore ni. Èmi kò mọ̀, ìwọ náà kò mọ̀. Máa lọ sílé. Ní Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀, kó tó wọṣọ, jókòó tì í kí o bi í pé níbo ló ń lọ. Lẹ́yìn náà, panu mọ́ kí o gbọ́ ọ tán. Bí ohun tó bá sọ kò bá tẹ́ ọ lọ́rùn, padà wá, n ó fún ọ ní àga, a ó sì jọ wá nǹkan ṣe sí i. Ṣùgbọ́n bí o bá tún wá síbí tí o kò tíì bi í, má wulẹ̀ jókòó.