Mọ́tò Pupa Tó Ń Wúkọ́ Lẹ́nu Ọ̀nà Olólùfẹ́

"Iná méjì tí kò bá jọ tàn, èéfín ní í bí." Bí ẹ bá ti gbé Lálúpọn rí, ẹ ó ti gbọ́ ọ lẹ́nu àgbà tó ń pẹ̀tù sí aáwọ̀. Àmọ́ ǹjẹ́ ẹ mọ ibi tó ti ṣẹ̀ wá? Ọ̀pọ̀ rò pé ìdí ààrò ni. Rárá o. Inú mọ́tò ló ti jáde, ọ̀rọ̀ ìfẹ́ ló sì fà á jáde.

Bàbá Akínfẹ̀nwá ni ọ̀gá ibùdókọ̀ ojú irin tẹ́lẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ti kú láti ọdún mẹ́jọ, nígbà tó sì fẹ̀yìn tì, ohun méjì péré ló kù tó ń mú àyà rẹ̀ lù kìkì. Èkíní ni mọ́tò pupa aláìlórùlé kan, alájòkòó méjì, tó rà lọ́wọ́ òyìnbó tó ń padà sílé, àmọ́ tí kì í fi bẹ́ẹ̀ rìn láìjẹ́ pé wọ́n tì í. Èkejì ni Màmá Àwẹ̀ró, opó, agbẹ̀bí tó ti fẹ̀yìn tì, tí ẹ̀rín rẹ̀ lè mú kí ọkọ̀ ojú irin gbàgbé ibi tó yẹ kó dúró sí. Bàbá bẹ̀ ẹ́ títí. Ní ọjọ́ Ajé kan, Màmá ní ọjọ́ tí mọ́tò yẹn bá fẹsẹ̀ ara rẹ̀ gbé e dé ẹnu ọ̀nà òun, tí ẹnikẹ́ni ò tì í, òun á fẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n kó yáa tètè, torí ọmọ òun ní Kàdúná ti ní kí òun wá máa gbé lọ́dọ̀ rẹ̀, ọkọ̀ ojú irin ọjọ́ Sátidé lòun á sì bá lọ.

Ẹ́ńjìnnì mọ́tò ọ̀hún ṣọ̀wọ́n. Ihò mẹ́rin tí epo ti ń jó ló ní, pọ́lọ́ọ̀gì méjì méjì ló sì wà nínú ihò kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n gbọ́dọ̀ jọ ṣáná pọ̀. Dìsírìbútọ̀, ìyẹn ìkòkò kékeré tó ń pín iná fún wọn, ní irin kékeré méjì tí wọ́n ń pè ní kọ́ńtáàtì nínú bí ìbejì, ọ̀kan fún pọ́lọ́ọ̀gì ọ̀tún, èkejì fún ti òsì. Òfin ọgbà mẹkáníìkì Lálúpọn, níbi tí Bàbá gbé e lọ tún ṣe, sì ni pé mẹkáníìkì kì í fọwọ́ kan iná, ríwáyà tó ń ṣe iná kì í fọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì. Dìsírìbútọ̀ wá ńkọ́, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wà nínú ẹ́ńjìnnì, tí orí rẹ̀ jẹ́ kìkì iná? Ààlà ilẹ̀ ni. Bí onílẹ̀ méjèèjì bá ń sọ̀rọ̀, kò sí wàhálà.

Wọn ò sọ̀rọ̀. Sàlákọ́ mẹkáníìkì àti Ìbídùnní ríwáyà, tí gbogbo ọgbà mọ̀ pé wọ́n ń fẹ́ra wọn, ti ń bára wọn yodì láti oṣù mẹ́ta. Lọ́jọ́ tí ìjà bẹ̀rẹ̀, aago méjì ni wọ́n ní kí Sàlákọ́ kó ẹbí rẹ̀ wá mọ bàbá Ìbídùnní. Ìdí ẹ́ńjìnnì ló wà títí, aago mẹ́rin ló tó dé. Bàbá Ìbídùnní ti tilẹ̀kùn, ó sì ti jẹ itan méjèèjì àkùkọ tí wọ́n sè dè wọ́n. Ìbídùnní búra pé òun ò ní kọ́kọ́ lanu. Sàlákọ́ náà ní ẹni tí wọ́n tilẹ̀kùn mọ́ kì í kan ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀mejì. Bàbá Akínfẹ̀nwá wá di ìránṣẹ́ láàárín wọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èjìká wọn ń kan ara wọn.

Láàárọ̀, Sàlákọ́ á to kọ́ńtáàtì ọ̀tún bí etí rẹ̀ ṣe fẹ́ ẹ. Lọ́sàn-án, Ìbídùnní á to ti òsì bí ojú rẹ̀ ṣe fẹ́ ẹ. Ní Ọjọ́rú, Bàbá wọ agbádá funfun, ó wa mọ́tò lọ wá ìyàwó. Ó ku ilé mẹ́ta kó dé, mọ́tò wúkọ́, ó yìnbọn lẹ́ẹ̀mejì, ó sì tu èéfín dúdú bo agbádá náà mọ́lẹ̀. Màmá Àwẹ̀ró ṣí fèrèsé.

"Ọ̀gá Ibùdó, ṣé ìyàwó lẹ wá fẹ́ ni, àbí eédú lẹ wá sun?"

Ọ̀rọ̀ náà dun Bàbá dọ́kàn. Ṣùgbọ́n bó ṣe ń fọ agbádá, ó rántí pé lójú irin, ọ̀gá ibùdó méjì lè kórìíra ara wọn bí ológbò àti èkúté, wọ́n gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀ kí ọkọ̀ tó kọjá. Lọ́jọ́ Ẹtì, ó mú gílóòbù kékeré méjì wá sọ́gbà, ó ní kí Ìbídùnní so ọ̀kọ̀ọ̀kan mọ́ kọ́ńtáàtì kọ̀ọ̀kan; ìwé mọ́tò ní méjèèjì gbọ́dọ̀ tàn lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ní kí Sàlákọ́ wọ ìsàlẹ̀ lọ, kó máa fi sípánà yí ẹ́ńjìnnì, níbi tí kò ti lè rí gílóòbù. Ó ní kí Ìbídùnní máa wò wọ́n lókè. Bí gbogbo rẹ̀ ti tò tán, Bàbá dì mọ́ ikùn, ó ní ẹ̀wà àárọ̀ ń pe òun, ó sì sáré lọ sá pamọ́ sẹ́yìn igi kájú.

Sàlákọ́ yí sípánà. Gílóòbù ọ̀tún tàn. Ìbídùnní wọ̀tún, ó wòsì, kò rí ìránṣẹ́. Ó kọjú sí mọ́tò.

"Mọ́tò, sọ fún ẹni tó ń yí ọ pé ọ̀tún ti tàn, òsì ò tíì jí."

Ohùn kan dáhùn láti ìsàlẹ̀. "Mọ́tò, bi í pé ṣé kí n dá a padà."

"Sọ fún un pé kó dá a padà. Kó sì rọra, kì í ṣe itan àkùkọ ló ń fà."

Ìbídùnní fi sikurudiráfà sún kọ́ńtáàtì òsì bíńtín, Sàlákọ́ tún un yí. Wọ́n ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Lẹ́ẹ̀karùn-ún, gílóòbù méjèèjì tàn pa pọ̀, Ìbídùnní sì gbàgbé ìbúra.

"Sàlákọ́, dúró. Wọ́n jọ tàn."

Sípánà dúró. Láti ẹ̀yìn igi, Bàbá rí i pé Sàlákọ́ ò dìde, bí ẹni tí orúkọ ara rẹ̀ dè mọ́lẹ̀.

"Ìbídùn, aago méjì ni," ló sọ lábẹ́ mọ́tò. "Mo mọ̀ pé aago méjì ni."

"Kí ló dé tí o ò sọ ọ́ láti oṣù mẹ́ta?"

"Mi ò rí mọ́tò rán ni."

Ẹ̀rín tó bú jáde lẹ́yìn igi kájú ló tú àṣírí Bàbá fó.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Màmá Àwẹ̀ró ń di ẹrù lọ́wọ́ nígbà tó gbọ́ tí nǹkan ń kùn bí oyin níta. Ó jáde, ó bá Bàbá nínú mọ́tò lẹ́nu ọ̀nà, ó wo ẹ̀yìn mọ́tò náà bóyá ẹnìkan ń tì í, ó tilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wo abẹ́ rẹ̀. Kò sẹ́nìkan.

"Ẹ má pa á o," ló ní, "ó lè má jí mọ́. Ẹ jẹ́ kí n wé gèlè."

Ọkọ̀ ojú irin Sátidé lọ láìgbé Màmá. Ọjọ́ tí Sàlákọ́ máa padà lọ mọ bàbá Ìbídùnní, aago méjì náà ni wọ́n dá. Aago méjìlá ló ti jókòó síwájú ilé, tí wọn ò tíì pa àkùkọ. Níbẹ̀ ni Bàbá Akínfẹ̀nwá, tó bá Sàlákọ́ lọ, ti dìde, tó kọ́kọ́ sọ pé iná méjì tí kò bá jọ tàn, èéfín ní í bí. Láti ìgbà náà, bí àgbà bá rí ẹni méjì tí iṣẹ́ kan náà so pọ̀, tí oníkálùkù ń dá tirẹ̀ ṣe ní kọ̀rọ̀ torí ìjà, tọkọtaya ni o, alájọṣe ni o, òwe yìí ni wọ́n ń pa fún wọn, kí ẹnìkan lè kọ́kọ́ lanu kí aṣọ funfun ẹlòmíràn tó dúdú.