Akọ̀wé Ìtàn tí Kò Tíì Dé Ìgbà Ìyá Rẹ̀

Ọkùnrin kan wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní ẹkùn kan ní ìhà ìlà-oòrùn, níbi tí òkun ti ń jẹ ilẹ̀ díẹ̀díẹ̀ lọ́dọọdún. Káúńtì ni àwọn ará ibẹ̀ ń pe irú ẹkùn bẹ́ẹ̀. Olùkọ́ ni ọkùnrin yìí. Kò níyàwó, kò bímọ. Ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ tó ti di opó ló ń gbé. Ní ọdún tó pé ẹni ogójì, ó pinnu ohun kan lọ́kàn rẹ̀: òun yóò kọ ìtàn ẹkùn náà délẹ̀délẹ̀, láti ìgbà tí àwọn ènìyàn ti ń fi òkúta gé ẹran títí di ọjọ́ òní.

Ohun rere ni. Ilẹ̀ tí a kò bá mọ ìtàn rẹ̀, àlejò la jẹ́ lórí rẹ̀. Ọkùnrin náà kì í ṣe ọ̀lẹ, kì í sì í ṣe òpùrọ́. Bí ó bá gbọ́ pé àgbẹ̀ kan fi katakata túlẹ̀ tí ó hú àpáàdì jáde, yóò gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ síbẹ̀ nínú òjò. Ó mọ ibi tí àwọn ará àtijọ́ ti ń dáná sun ẹja nígbà tí ibi tó di òkun lónìí ṣì jẹ́ igbó. Ó mọ àwọn òkìtì tí wọ́n sin àwọn ọba sí, tàwọn ti idà wọn. Ó lè tọ ojú ọ̀nà tí àwọn ọmọ ogun Róòmù là gbọnrangandan la ẹkùn náà já, bó tilẹ̀ jẹ́ pé koríko ti bò ó láti ìgbà ìwáṣẹ̀.

Òfin kan ló ṣe fún ara rẹ̀: ìgbà kan kò gbọdọ̀ fo ìgbà mìíràn. Ẹni tó bá wá bá a sọ̀rọ̀ ogun tàbí ọ̀rọ̀ rélùwéè nígbà tó wà lọ́dọ̀ àwọn ará òkúta, ọkùnrin náà yóò ní kí onítọ̀hún ní sùúrù, pé tirẹ̀ ń bọ̀.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan, ìyá rẹ̀ gbé tíì wá fún un nínú yàrá tó ti ń kọ̀wé. Obìnrin náà kò lọ. Ó dúró, ó ń fi ọwọ́ pa ẹ̀gbẹ́ tábìlì.

“Ọmọ mi, gbogbo ìtàn ẹkùn wa yìí lo ń kọ, àbí?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá.”

“Ilé kan wà létí òkun tí mo fẹ́ sọ fún ọ. Mo gbé ibẹ̀ fún oṣù márùn-ún.”

“Ìgbà wo nìyẹn?”

“Ọdún kejì tí ogun Hítílà parí.”

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. “Háà, Màmá! Ọ̀dọ̀ àwọn ará Róòmù ni mo ṣì wà. Ó ku bí ẹgbẹ̀jọ ọdún kí n tó dé ọ̀dọ̀ yín. Ẹ bá mi fi pamọ́. Bí mo bá dé ibẹ̀, a ó jọ jókòó, ẹ ó máa sọ, èmi ó máa kọ.”

Ìyá náà ti ife tíì náà súnmọ́ ọn. “Ó dára,” ló wí, ó sì jáde.

Ọkùnrin náà kò mọ ohun tó ná ìyá rẹ̀ ní agbára kí ó tó lè la ẹnu lọ́jọ́ náà. Ó ju àádọ́ta ọdún lọ tí ọ̀rọ̀ yẹn ti wà nínú obìnrin náà. Kò sọ ọ́ fún ọkọ rẹ̀ títí ọkọ náà fi kú. Ó ti rò ó ní ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ pé nítorí pé ọmọ òun ń kọ ìtàn, yóò rọrùn láti fi ẹnu bà á bí ẹni tó ń sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ẹlòmíràn. Ó padà sí ìdí ààrò, ó ń fọ abọ́ tí kò dọ̀tí.

Ìwé àkọ́kọ́ jáde, àwọn ará ẹkùn náà sì gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Wọ́n ń pè é láti ìlú dé ìlú kí ó wá sọ̀rọ̀ nínú ilé ìkàwé, àwọn ènìyàn á tò, òun á máa bá wọn kọ orúkọ wọn sínú ìwé tí wọ́n rà. Lẹ́yìn náà ló kọjú sí àwọn ará Dẹ́nmáàkì, àwọn tí wọ́n fi ọkọ̀ ojú omi wọlé wá jó ṣọ́ọ̀ṣì, tí wọ́n sì padà di onílẹ̀. Ó lo ọdún mẹ́fà lọ́dọ̀ wọn.

Nínú ọdún mẹ́fà yẹn ni ìyá rẹ̀ tún wá. Ojú obìnrin náà ti ń ṣe bàìbàì, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, kò lè kọ̀wé mọ́. Àpò ìwé kan ló mú dání.

“Jọ̀ọ́, bá mi kọ lẹ́tà kan. Àdírẹ́sì rẹ̀ nìyí.”

“Sí ta ni, Màmá?”

“Sí ọ́fíìsì kan tí wọ́n ti ń bá ènìyàn wá ẹni tó sọnù.”

“Ta ló sọnù?”

Ìyá náà fa èémí sínú. Ibi tó ti fẹ́ dáhùn ni tẹlifóònù ti dún. Àwọn tó ń walẹ̀ ní ẹ̀bá odò ló pè, wọ́n ní àwọn rí òòyà tí àwọn ará Dẹ́nmáàkì fi egungun gbẹ́, eyín rẹ̀ kò dín kan. Ọkùnrin náà ti ń wá ẹ̀wù òtútù rẹ̀ kiri kí ó tó gbé tẹlifóònù sílẹ̀.

“Ẹ fi sórí tábìlì, Màmá. Tí mo bá dé.”

Ó dé, inú rẹ̀ ń dùn, ó kó ìwé mẹ́rin lé àpò ìwé náà lórí. Ìyá rẹ̀ kò sì béèrè mọ́. Ẹni tí ìtìjú ti dì lẹ́nu láti ọmọdé, bí ó bá gbìyànjú lẹ́ẹ̀mejì tí kò rí ẹni gbọ́, ẹ̀kẹta ti ju agbára rẹ̀ lọ.

Ọdún ń yí lu ọdún. Ọkùnrin náà fẹ̀yìn tì nídìí iṣẹ́ olùkọ́. Ó kọ ti àjàkálẹ̀ àrùn tó sọ abúlé di ahoro, ó kọ ti àwọn olówó tó lé àgbẹ̀ kúrò lórí ilẹ̀ kí àgùntàn lè jẹko, ó kọ ti ogun tí wọ́n torí rẹ̀ gé orí ọba. Bí ó ti ń súnmọ́ òde òní ni ìyá rẹ̀ ń jìnnà sí i. Iyè obìnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í ra. Ó kọ́kọ́ gbàgbé omi lórí iná. Lẹ́yìn náà ó gbàgbé orúkọ ọkọ rẹ̀. Nígbà tó yá, ó ń pe ọmọ rẹ̀ ní dókítà, ó sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ bí ẹni ń dúpẹ́ lọ́wọ́ àlejò. Ọkùnrin náà ń tọ́jú rẹ̀. Ó ń fún un lóúnjẹ, ó ń wẹ̀ ẹ́, ó tún ń kọ̀wé.

Níkẹyìn ó dé orí ogun Hítílà. Ó mú ìwé tuntun àti kálàmù, ó gbé àga síwájú ìyá rẹ̀.

“Màmá, ó ti kàn yín. Ẹ sọ ti ilé etí òkun yẹn fún mi.”

Obìnrin náà wo ìwé, ó wo kálàmù, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. “Ẹ ṣé o. Ṣé ẹ̀yin lẹ ni ilé yìí?”

Ó béèrè títí, kò rí nǹkan kan gbà. Nítorí náà, ní ọjọ́ kejì, ó lọ sí ilé tí wọ́n ń kó ìwé àtijọ́ ẹkùn náà pamọ́ sí. Obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ gbé ìwé ńlá kan wá fún un. Ilé kan wà létí òkun lóòótọ́. Ibẹ̀ ni àwọn òbí ń mú ọmọbìnrin wọn tó bá lóyún láìlọ́kọ lọ, kí ó bímọ níbẹ̀, kí ará àdúgbò má baà mọ̀. Ọkùnrin náà fi ìka tọ orúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan bó ti máa ń ṣe. Lójú ewé kẹsàn-án, ìka rẹ̀ dúró. Orúkọ ìyá rẹ̀ ni, pẹ̀lú orúkọ bàbá tó bí ìyá náà àti abúlé wọn. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún. Ó bí obìnrin, ó sọ ọ́ ní Hilda. Ní ọ̀sẹ̀ kẹfà wọ́n gbé ọmọ náà fún tọkọtaya kan tó ń wá ọmọ.

“Ṣé kò sí nǹkan, sà?” ni obìnrin tó gbé ìwé wá bi í.

“Ìyá mi nìyí,” ló wí.

Nígbà tó délé, ó kúnlẹ̀ níwájú ìyá rẹ̀, ó sì pe orúkọ náà sí i létí. “Hilda.”

Obìnrin náà gbá apá ẹ̀wù rẹ̀ mú. Ojú rẹ̀ là. Fún ìṣẹ́jú kan, ìyá rẹ̀ gan-an ló wà lórí àga yẹn.

“Ṣé wọ́n ti gbé e wá?”

“Màá wá a rí, Màmá.”

Ó wá a. Ọgbọ́n tó fi ń wá ọba tó ti kú láti ẹgbẹ̀rún ọdún, òun náà ló lò, oṣù mẹ́rin sì ni gbogbo rẹ̀ gbà. Ìlú tó tọ ipasẹ̀ Hilda dé kò ju ogún ìṣẹ́jú lọ nínú mọ́tò láti ilé wọn. Bàbá àgbàlagbà kan ló ṣílẹ̀kùn. Ó jẹ́ kí àlejò náà sọ̀rọ̀ tán lórí ìdúró.

“Ẹ ti pẹ́ jù,” ni bàbá náà wí. “Ìyàwó mi kú ní ọdún mẹ́rin sẹ́yìn. Àyà ló ń dùn ún. Ẹ wọlé, òtútù ń mú.”

Wọ́n jókòó. Bàbá náà kò bínú, ìyẹn gan-an ló wá nira fún ọkùnrin náà.

“Ogún ọdún ló fi wá ìyá rẹ̀,” ni bàbá náà ń bá ọ̀rọ̀ lọ. “Ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń bá ènìyàn wá ẹni tó sọnù ní àwọn kò lè sọ ibi tí ìyá náà wà fún un, àfi bí ìyá bá kọ̀wé wá fúnra rẹ̀. Ọdọọdún ló ń pè wọ́n bóyá ẹnikẹ́ni ti kọ̀wé. Ó rò pé ìyá rẹ̀ kò fẹ́ rí òun ni. Ohun tó gbà gbọ́ títí ó fi kú nìyẹn.”

Nígbà náà ni bàbá náà dìde, ó mú ìwé kan wá láti orí pẹpẹ. “Mo mọ̀ yín. Ó fẹ́ràn ìwé yín. Ó lọ gbọ́ ọ̀rọ̀ yín ní ilé ìkàwé.”

Ọkùnrin náà ṣí i. Ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́ ni, ti àwọn ará òkúta. Lójú ewé ìbẹ̀rẹ̀, ó rí ohun tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ: Sí Hilda, pẹ̀lú ọ̀yàyà. Ó gbìyànjú láti rántí ojú Hilda. Ó rántí yàrá náà, ó rántí ìbéèrè tí ọkùnrin kan bi í nípa àáké òkúta. Kò rántí obìnrin náà rárá.

Ó padà sílé. Láti ọjọ́ tó ti pe Hilda sí ìyá rẹ̀ létí, orúkọ náà ti jí nǹkan kan nínú obìnrin náà tí kò lọ sùn mọ́. Lóròòwúrọ̀ ni yóò máa béèrè bóyá wọ́n ti gbé ọmọ òun wá. Ọkùnrin náà kọ́kọ́ sọ òtítọ́ fún un, pé Hilda ti kú. Obìnrin náà ké bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ tí wọ́n gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó ti gbàgbé, ó tún béèrè. Ọmọ rẹ̀ kò lè fi igbe yẹn jí i lójoojúmọ́. Ó wá ní wọ́n ń bọ̀. Ìyá náà bá ní kí ó bá òun ya irun, kí ó dé fìlà òun fún òun, ó sì jókòó sí ẹnu ọ̀nà láti òwúrọ̀ títí oòrùn fi wọ̀. Bí mọ́tò bá ti ń kọjá, yóò gbé ọwọ́ méjèèjì sókè bí ẹni fẹ́ gba ọmọ ọwọ́.

Báyìí ni wọ́n ṣe é títí di ìgbà òtútù. Orí àga ẹnu ọ̀nà yẹn ló kú sí.

Ìtàn ẹkùn náà kò parí. Ọdún kejì tí ogun parí ló dúró sí. Àwọn ènìyàn wá bẹ ọkùnrin náà, wọ́n ní ó kù díẹ̀, kí ó má jẹ́ kí iṣẹ́ ńlá bẹ́ẹ̀ bàjẹ́. Ó gbọ́ wọn tán, ó sì sìn wọ́n dé ojú ọ̀nà.

Ìwọ tí mo ń bá sọ̀rọ̀, ọkùnrin yẹn kò ṣe ìkà, ìwọ náà kò sì ṣe ìkà. Iṣẹ́ rere lo ń ṣe. O ń kọ́lé, o ń tọ́ ọmọ, o ń sin ìjọ, o sì ní bí ọwọ́ rẹ bá dilẹ̀ o ó lọ jókòó ti ìyá rẹ. O sọ fún mi fúnra rẹ pé ẹ̀ẹ̀mejì ló ti ránṣẹ́ pè ọ́, pé ó ní ọ̀rọ̀ kan tí kò ṣeé sọ lórí fóònù, o sì ní kí ó fara balẹ̀ títí ọdún yóò fi yí. Ta ló sọ fún ọ pé ọ̀rọ̀ náà lè dúró dè ọ́? Mo ti rí àwọn tó dé, tí wọ́n bá ìyá láàyè lórí àga, tí wọn kò sì bá ẹnikẹ́ni nílé. Ẹkún kò ṣe nǹkan kan fún wọn. Àdúrà mi pàápàá kò ṣe nǹkan kan fún wọn, bẹ́ẹ̀ mo sì gbà á. Gbé bàtà rẹ wọ̀, kí o máa lọ. Ìyá rẹ mọ orúkọ rẹ ní òwúrọ̀ òní. N kò lè fi ti ìrọ̀lẹ́ dá ọ lójú.