Ìgò Ìpara Tí Akíngbadé Kò Lè Kà

Àfín ni Mọrẹ́nikẹ́, ìyàwó tí Akíngbadé ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé wá sí àbà kòkó wa. Nígbà tí Akíngbadé ń dẹnu ìfẹ́ kọ ọ́, ìwé ìròyìn kì í kúrò ní abíyá rẹ̀. Ohun tó wú ọmọbìnrin náà lórí nìyẹn, nítorí òun fúnra rẹ̀ kò lọ sílé ìwé rí. Kò mọ̀ pé àwòrán lásán ni ọkùnrin náà ń wò.

Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn dé, tí kòkó sísá pọ̀, Akíngbadé lọ sí ìlú lọ ra ìpara tí kì í jẹ́ kí oòrùn jó àwọ̀ èèyàn. Èrò kún ṣọ́ọ̀bù. Ìyá oníkẹ́míìsì bi í pé, "Ṣé ẹ máa ka ara ìgò yìí, àbí kí n ṣàlàyé?"

"Ṣé mo jọ púrúǹtù lójú yín ni?" Ó gba ìgò, ó jáde.

Nílé, ìyàwó rẹ̀ kúnlẹ̀ gbà á. "Ẹ ṣeun, ọkọ mi. Kí ni wọ́n kọ sí i?"

Akíngbadé gbé ìgò sójú, ó ń jẹnu wúyẹ́wúyẹ́. "Wọ́n ní kí o fi díẹ̀ para láàárọ̀, ó tó títí di alẹ́. O ò nílò akẹtẹ̀ mọ́."

Lọ́jọ́ kejì, Mọrẹ́nikẹ́ fi díẹ̀ para láàárọ̀, ó fi akẹtẹ̀ àti ẹ̀wù ọlọ́wọ́ gígùn sílé, ó sá kòkó láti òwúrọ̀ títí oòrùn fi rọ̀. Nígbà tí yóò fi di ìrọ̀lẹ́, ọrùn àti èjìká rẹ̀ ti pọ́n bí epo, ìléròrò ti sọ síbẹ̀. Aṣọ kò ṣe é fi kàn án.

Ní ilé ìwòsàn tí Akíngbadé gbé e lọ, nọ́ọ̀sì gbọ́ bó ṣe lo ìpara, ó gba ìgò náà, ó kà á sókè: "Ẹ fi para dáadáa kí ẹ tó bọ́ sóòrùn. Ẹ máa tún un fi para ní wákàtí méjì-méjì, pàápàá bí ẹ bá ń làágùn. Ẹ má torí rẹ̀ bọ́ fìlà àti aṣọ tó bo ara." Ó gbójú sókè. "Ta ló sọ fún yín pé ẹ̀ẹ̀kan ti tó?"

"Ọkọ mi ni. Wọ́n mọ̀wé gan-an."

Akíngbadé wolẹ̀, ilẹ̀ kò lanu. "Mi ò mọ̀wé," ni ó sọ. "Mi ò mọ lẹ́tà kan ṣoṣo."

Mọrẹ́nikẹ́ kò bú u. Ó kàn rọra fa ọwọ́ rẹ̀ yọ nínú ti ọkọ rẹ̀, ó kọjú sí ògiri. Ì bá sàn kó tiẹ̀ bú u.

Lójú gbogbo aláìsàn tó wà níbẹ̀, Akíngbadé kúnlẹ̀ síwájú nọ́ọ̀sì, tó lè jẹ́ àbúrò rẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un kà. Ẹ kà á díẹ̀díẹ̀, kí n lè há a sórí."

Láti ìgbà náà, bí ìtìjú bá fẹ́ pa ẹnikẹ́ni lẹ́nu mọ́ ní àbà wa, ohun tí àwọn àgbà ń wí fún un ni pé: ẹni tó bá béèrè kì í ṣìnà.