Ọkùnrin Tó Dọ̀bálẹ̀ Lórí Yìnyín

Ọkùnrin kan wà tí ó sọ pé ìdọ̀bálẹ̀ ti tán lọ́dọ̀ òun.

Jókòó dáadáa, Àjàgbé. Mo mọ̀ pé àwọn bíríkìlà ń dúró dè ọ́. Mo sì ti rí yanrìn tí o já sójúde wa, èyí tí o fẹ́ fi mọ ògiri tí yóò la agbolé bàbá yín sí méjì. Yanrìn kì í jẹrà. Fi í sílẹ̀ ná, kí o gbọ́ ti ọkùnrin yìí.

Ó ti ṣe ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ rí, ó sì ti joyè. Ó ga, ó sanra, ohùn rẹ̀ a máa ṣáájú rẹ̀ wọlé. Ní ọdún tí wọ́n sin ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó kù, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, kò rí ẹnì kankan mọ́ nínú ẹbí tí ó ju òun lọ. Ó ní, "Ó parí. Kò sí ẹni tí mo tún máa nà sílẹ̀ fún láyé yìí." Láti ọjọ́ náà, bí ó bá pàdé àwọn àgbà ìjọ tàbí àgbà àdúgbò, á tẹ orí ba díẹ̀, á na ọwọ́. Bí wọ́n bá wò ó lójú, á ní orúnkún ló ń dun òun. Orúnkún náà kì í dùn ún bó bá di ijó. Àwọn ènìyàn rí i, wọ́n fi rẹ́rìn-ín láàárín ara wọn, wọ́n sì dákẹ́.

Ọmọbìnrin rẹ̀ kan ń gbé ní Kánádà. Ó ránṣẹ́ pè é kí ó wá wo ọmọ-ọmọ rẹ̀. Ọkùnrin náà lo oṣù méjì níbẹ̀. Nígbà tí ó ku ọ̀sẹ̀ kan kí ó padà, ọmọbìnrin náà sọ pé òun fẹ́ mú un lọ wo ohun tí kò sí ní ilẹ̀ wa: odò tí ó dì.

Kì í ṣe yìnyín inú fíríìjì ni mo ń wí. Láàárín òkè ńlá méjì ni òjò dídì ti ń rọ̀ lé ara rẹ̀ lórí láti ìgbà tí ẹnikẹ́ni kò lè kà, títí ó fi di yìnyín, tí yìnyín náà sì nípọn ju igi àràbà lọ. Lójú, ó dúró gbọn-in. Ṣùgbọ́n ó ń rìn. Ó ń ti orí òkè sọ̀kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kò sí ẹni tó lè fi ojú rí ìrìn rẹ̀. Nítorí pé ó ń rìn, ó máa ń là. Ibi tí ó bá là á jìn ju kànga lọ. Òjò dídì á wá rọ̀ bo ẹnu rẹ̀, gbogbo rẹ̀ á funfun bákan náà, ẹni tí kò mọ ibẹ̀ á rò pé ilẹ̀ ni.

Nítorí èyí, ènìyàn kì í dá lọ síbẹ̀. Ọkọ̀ kan ni wọ́n fi ń gbé àlejò lọ. Ọkọ̀ náà ní táyà mẹ́fà, táyà kọ̀ọ̀kan ga tó ènìyàn tó dúró. Ọmọbìnrin òyìnbó kan ló ń wà á, òun náà ló sì ń ṣe amọ̀nà. Kò ga. Ó dàbí ẹni tí kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n.

Nígbà tí ọkùnrin náà rí i, ó bi ọmọ rẹ̀ léèrè, "Awakọ̀ dà?"

"Òun nìyẹn, Bàbá."

"Ìyẹn? Ṣé ẹsẹ̀ rẹ̀ máa kan bíréèkì?"

"Ẹ rọra, Bàbá, ó ń wò wá."

"Kó máa wò. Ṣé ó gbọ́ Yorùbá ni?"

Ọkọ̀ náà gba gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan sọ̀kalẹ̀ tó dà bíi kí ènìyàn máa ti orí àkàbà bọ̀. Gbogbo èrò di ìjókòó mú. Ọkùnrin náà pe Ọlọ́run lẹ́ẹ̀mẹta, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n dé ìsàlẹ̀, ó ní ọpẹ́ ni òun ń dá.

Kí amọ̀nà tó ṣí ilẹ̀kùn, ó dojú kọ wọ́n. Ó fi okùn kan hàn wọ́n tí wọ́n ta yí ká, tí àsíá pupa wà lára rẹ̀. Ó ní, "Láràárọ̀ ni mo máa ń fi ọ̀pá irin gún ilẹ̀ yìí kí ẹ tó dé. Inú okùn, mo mọ̀ ọ́n. Ẹ̀yìn okùn, n kò mọ̀ ọ́n. Ẹ má kọjá okùn."

Ọmọ rẹ̀ fẹ́ túmọ̀ rẹ̀ fún un. Ó dá a lẹ́kun. "Ọdún márùndínlógójì ni mo fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní Gẹ̀ẹ́sì. Mo ti gbọ́ ọ kí wọ́n tó bí ìyá rẹ̀."

Ó gbọ́ ọ lóòótọ́, Àjàgbé. Gbígbọ́ kọ́ ni ìṣòro rẹ̀.

Wọ́n sọ̀kalẹ̀. Òtútù gbá wọn lójú. Ọkùnrin náà wọ ẹ̀wù òtútù tí ọmọ rẹ̀ rà fún un, ó sì yọ fìlà abetí-ajá láti inú àpò, ó dé e. Àwòrán ló fẹ́ yà tí yóò fi ránṣẹ́ sílé. Ṣùgbọ́n nínú okùn, èrò pọ̀, ojú ẹsẹ̀ wọn sì ti ba gbogbo ilẹ̀ jẹ́. Lẹ́yìn okùn, ó mọ́ lóló, ẹnì kankan kò tẹ̀ ẹ́.

Ó ní, "Ibẹ̀ yẹn ni kí o ti yà mí. Èmi nìkan, kí òkè wà lẹ́yìn mi."

"Bàbá, wọ́n ní ká má kọjá."

"Àwọn ọmọdé ló ń bá wí."

Okùn náà kò ga ju orúnkún lọ. Ó gbé ẹsẹ̀ sókè, ó ré e kọjá. Orúnkún náà kò dùn ún.

Ó rin ẹsẹ̀ kan, ó rin méjì. Ní ẹsẹ̀ kẹfà, ilẹ̀ ró kùù lábẹ́ rẹ̀, bí ìkòkò òfìfo tí ènìyàn fi ọwọ́ lù. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún wọlẹ̀ dé orúnkún. Ó fi tòsì tẹlẹ̀ kí ó lè fa tọ̀tún yọ, tòsì náà wọlẹ̀. Ìgbà náà ni ó mọ̀ pé àtẹ́lẹsẹ̀ òun méjèèjì kò kan nǹkan kan nísàlẹ̀.

Amọ̀nà kò pariwo. Ó kọ́kọ́ sọ fún àwọn èrò pé kí ẹnikẹ́ni má mira. Lẹ́yìn náà ó ké sí ọkùnrin náà ní gbólóhùn kúkurú kan. Gẹ̀ẹ́sì ọdún márùndínlógójì fò lọ lórí ọkùnrin náà. Ó yíjú sí ọmọ rẹ̀. "Kí ló wí?"

"Ẹ dọ̀bálẹ̀, Bàbá! Ó ní kí ẹ dọ̀bálẹ̀!"

Gbọ́ mi dáadáa, ìwọ ọmọ yìí. Ọkùnrin náà wà nínú ihò dé orúnkún, ó sì ráyè bínú.

"Kí n ṣe kí ni?"

"Ẹ dọ̀bálẹ̀!"

"Fún ta ni? Fún ọmọ yìí? Nítorí mo ré okùn kọjá ni mo ṣe máa dọ̀bálẹ̀ bẹ ẹni tí mo lè bí ní ọmọ-ọmọ?"

Ọmọbìnrin rẹ̀ sọ fún mi lẹ́yìn náà pé bí òun bá ti wí pé "ẹ nà gbalaja," bóyá bàbá òun kì bá tí jiyàn. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù kì í ṣa ọ̀rọ̀. Èyí tí wọ́n fi kọ́ ọ nílé ló bọ́ sí i lẹ́nu.

Bí ó ti ń jiyàn lọ́wọ́, ilẹ̀ tún ró. Ó wọlẹ̀ dé itan.

Ọmọ náà bú sẹ́kún. "Bàbá mi, kì í ṣe òun! Kì í ṣe èmi! Ilẹ̀ ni kí ẹ dọ̀bálẹ̀ fún!"

Ọkùnrin náà gbé ojú sókè láti dá a lóhùn, ó sì rí amọ̀nà. Ó ti so okùn mìíràn mọ́ irin ọkọ̀, ó so ìdí kejì mọ́ ìbàdí ara rẹ̀, ó sì ti ré àsíá pupa kọjá. Kò dúró lórí ẹsẹ̀. Àyà ló fi ń wọ́ bọ̀ lórí nǹkan funfun náà, ó na ọwọ́ méjèèjì síwájú, ojú rẹ̀ kọjú sí ojú ọkùnrin náà. Obìnrin ni. Nílẹ̀ wa, kíkúnlẹ̀ ni tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ibi tí ilẹ̀ bá ti fẹ́lẹ́, wọn kì í bèèrè ta ni ọkùnrin, ta ni obìnrin, ta ni àgbà.

Ọkùnrin náà tẹ̀ síwájú, ó fi àyà lélẹ̀, ó na apá méjèèjì, bí bàbá rẹ̀ ti kọ́ ọ nígbà tí ó wà ní ọmọ ọdún mẹ́fà. Ilẹ̀ kò ró mọ́. Ó rọra fa ẹsẹ̀ kan yọ, ó fa ìkejì. Fìlà rẹ̀ ṣí, ó yí, ó já sínú ihò tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti jáde. Kò sí ẹni tó gbọ́ ìró ìbalẹ̀ rẹ̀.

Ọwọ́ amọ̀nà bà á. Ó fi okùn gbà á lábẹ́ apá, àwọn èrò sì fa àwọn méjèèjì ní ìdọ̀bálẹ̀ títí wọ́n fi kọjá àsíá pupa.

Ọkùnrin náà wọ ọkọ̀ padà, wọ́n ń gun gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ náà lọ. Ó bi amọ̀nà léèrè pé, "Ìwọ tí o kéré báyìí, kí ló dé tí ìwọ náà fi dùbúlẹ̀?"

Ó dáhùn pé, "Ẹni tó dúró kó gbogbo ìwúwo rẹ̀ lé àtẹ́lẹsẹ̀ méjì. Ẹni tó dùbúlẹ̀ pín in ká gbogbo ara. Ibi tí ẹ wà yẹn kò gba ẹnikẹ́ni lóòró. Bí ènìyàn bá sì ṣe wúwo tó, bẹ́ẹ̀ ló ṣe yẹ kó tètè dùbúlẹ̀ tó."

Ọkùnrin náà padà sílẹ̀ wa. Ní ọjọ́ ìsinmi tó kọ́kọ́ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ó pàdé baba àgbà kan tí ó ti ń na ọwọ́ sí láti ọdún mọ́kànlá. Ó na gbalaja síwájú rẹ̀. Ẹnu ya baba náà. Ó ní, "Olóyè, orúnkún yín ńkọ́?"

Ó ní, "Ó ti san."

Ẹnì kan nínú àwọn èrò ọjọ́ náà ti ya àwòrán rẹ̀ níbi tí ó ti nà sílẹ̀ lórí yìnyín, láìsí fìlà. Ọmọ rẹ̀ fẹ́ pa á rẹ́. Ó kọ̀. Ó fi sí férémù, ó gbé e kọ́ sí pálọ̀, lókè àwòrán ìwúyè rẹ̀. Èmi náà ti rí i. Bí àlejò bá bi í léèrè pé, "Bàbá, ta lẹ ń dọ̀bálẹ̀ fún nínú òtútù yìí?" á ní, "Ilẹ̀ ni."

Ìwọ ni mo ń bá wí, Àjàgbé.

O ní àbúrò rẹ tí wọ́n fi jẹ mọ́gàjí, olórí ẹbí, kì í ṣe ẹgbẹ́ rẹ. O ní ẹ̀yìn rẹ ni o fi pọ̀n ọ́n. Òótọ́ ni. Mo wà níbẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni ọ́ lọ́jọ́ tí ìyá rẹ̀ bí i, ìwọ lo pọn omi tí wọ́n fi wẹ̀ ẹ́. Ẹnikẹ́ni kò lè gba ìyẹn lọ́wọ́ rẹ. Ṣùgbọ́n ẹbí kì í dúró sójú kan. Ó dà bíi pé ó dúró ni, ó ń rìn ni. Bàbá bàbá yín náà kéré sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nígbà tí wọ́n fi í jẹ mọ́gàjí. Ìyá mi ló sọ ọ́ fún mi, ìṣojú rẹ̀ ni. Ẹ̀gbọ́n náà jáde nínú òjò, ó dọ̀bálẹ̀ sójúde yìí, síbi tí o da yanrìn rẹ sí. Mọ́gàjí kò jẹ́ kí àyà rẹ̀ pẹ́ nílẹ̀, òun náà wólẹ̀ síwájú rẹ̀, àwọn méjèèjì sì fi ẹrẹ̀ pa ara. Nítorí ọjọ́ náà ni kò fi sí ògiri nínú agbolé yìí títí dòní. Àjàgbé ni oríkì ẹ̀gbọ́n yẹn. Òun ni wọ́n rántí tí wọ́n fi ń pè ọ́ bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀yin méjèèjì ń kí ara yín níta, ẹ ń rẹ́rìn-ín. Òjò dídì nìyẹn, mo mọ ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀. Àgbà ni ọ́, o lówó, o sì lórúkọ. O wúwo. Ìwọ ló yẹ kí o kọ́kọ́ dùbúlẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ọmọ ilé yìí, yóò wólẹ̀ kí àyà rẹ tó kan ilẹ̀. Bí kò bá wólẹ̀, òun kọ́ ni o nà fún. Ilẹ̀ tó gbé gbogbo wa ni.

Ó wà nílé báyìí, mo ti ránṣẹ́ wò ó. Yanrìn rẹ kò ní ṣòfò, ògiri ilé ìdáná mi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ wó, àwọn bíríkìlà lè bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Dìde, máa lọ. Má sì sọ fún mi pé orúnkún ń dùn ọ́. Mo rí ọ láàárọ̀ yìí nígbà tí o ń fo òkìtì yanrìn.